Oògùn Kọ́ Ló Pa Wọ́n, Omi Tí Wọ́n Fi Pò Ó Ni

 

Ìbéèrè kan wà tí ẹ máa ń bi wá ṣáá. Ẹ ó dé ṣọ́ọ̀bù oògùn ẹran, ẹ ó bá oògùn méjì lórí káńtà. Orúkọ kan náà ló wà lára méjèèjì, ṣùgbọ́n owó wọn ò jọra rárá. Ẹ wá ń bi wá pé ṣé ayédèrú ni ọ̀kan ni, àbí ẹni tó ń tà á ló kàn fẹ́ jẹ èrè àjẹjù. Nígbà míì, kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ohun tó wà nínú ike oògùn pọ̀ ju orúkọ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ sọ ìtàn lónìí. Ó gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ohun tí ìtàn náà dá lé lórí ti pa èèyàn rí, ó ti pa ọmọ wa nílé níbí náà, ó sì lè ba ọ̀pọ̀ owó jẹ́ fún ẹni tó ń sin adìẹ tàbí màlúù.

OHUN MÉJÌ LÓ WÀ NÍNÚ OÒGÙN

Oògùn tí ẹ ń rà ní ṣọ́ọ̀bù, yálà ti èèyàn tàbí ti ẹran, agbára káká ni kó fi jẹ́ ohun kan ṣoṣo. Àkọ́kọ́ ni èròjà tó ń ṣiṣẹ́, ìyẹn èyí tó ń bá kòkòrò àrùn jà gan-an. Èkejì ni gbogbo nǹkan yòókù tí wọ́n fi gbé e: omi, òróró, ṣúgà, ìyẹ̀fun, àwọ̀, adùn, àti kápúsù tí wọ́n rọ ọ́ sí. Àwọn tó ń ṣe oògùn máa ń pe ìwọ̀nyí ní èròjà tí kì í ṣiṣẹ́. Àwa ó máa pè é ní alábàárù, torí iṣẹ́ alábàárù inú ọjà gan-an ló ń ṣe. Alábàárù kọ́ ló ni ẹrù, kò sì sẹ́ni tó ń lọ sọ́jà torí alábàárù. Ṣùgbọ́n bí kò bá gbé ẹrù dé ibi tó yẹ, kí ni èrè ọjà tí a ná? Bó bá wá jẹ́ olè ńkọ́?

Ṣebí a ti mọ èyí láti ilé. Àwọn ìyá wa tó ń ṣe àgbo mọ̀ ọ́n. Egbò kan wà tí wọ́n máa ń rẹ sínú omi lásán, omidùn ni wọ́n máa ń fi rẹ òmíràn, òmíràn sì rèé, ọtí ni wọ́n máa ń dà lé e. Egbò ló ń ṣiṣẹ́. Omidùn tàbí ọtí ló ń fa agbára rẹ̀ jáde, tó ń gbé e wọnú ara. Ìyá àgbà tó bá mọṣẹ́ ò ní fi omi tí kò mọ orísun rẹ̀ rẹ egbò fún ọmọ jòjòló. Ilé iṣẹ́ oògùn kan ní Amẹ́ríkà gbàgbé ẹ̀kọ́ kékeré yìí lọ́dún 1937. Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

ARÓ PUPA LÁTI JÁMÁNÌ

Kí pẹnisílíìnì tó dé ọjà, oògùn kan ti ń gba ẹ̀mí là. Ní Jámánì, ilé iṣẹ́ Bayer ń ṣe aró, irú èyí tí wọ́n fi ń pa aṣọ láró. Dókítà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Gerhard Domagk. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa dán àwọn aró wọ̀nyí wò lára èkúté tí wọ́n ti kó àrùn sí lára, bóyá a lè rí ọ̀kan tí yóò pa kòkòrò àrùn. Ní ìparí ọdún 1932, aró pupa kan ṣiṣẹ́. Àwọn èkúté tó gba aró náà yè, àwọn tí kò gbà á kú. Wọ́n sọ ọ́ ní Prontosil, Domagk sì gbé ìròyìn rẹ̀ jáde lọ́dún 1935.

Ẹ má fojú kéré rẹ̀ o. Láyé ìgbà yẹn, bí ìyá ọlọ́mọ tuntun bá kó àrùn lẹ́yìn ìbímọ, tàbí tí nǹkan bá gún èèyàn lọ́wọ́ tí ọwọ́ náà wú tó sì kẹ̀, ikú ló sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọbìnrin Domagk fúnra rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ gún lọ́wọ́ tí àrùn wọ̀ ọ́. Aró pupa yìí ni bàbá rẹ̀ fún un, ọmọ náà sì yè. Ní 1939 wọ́n fi ẹ̀bùn Nobel dá Domagk lọ́lá.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń rú àwọn onímọ̀ lójú. Bí wọ́n bá da aró yìí sórí kòkòrò àrùn nínú ìgò, kòkòrò náà ò kú. Inú ara ẹranko tàbí ti èèyàn nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Ní ìparí 1935, àwọn onímọ̀ kan ní Pasteur Institute ní Paris rí ìdí rẹ̀. Lára wọn ni Jacques Tréfouël, ìyàwó rẹ̀ Thérèse, àti Daniel Bovet. Wọ́n rí i pé tí aró náà bá wọnú ara, ara á gé e sí méjì. Apá kan ò láwọ̀ rárá, òun gan-an ló ń bá kòkòrò jà. Orúkọ rẹ̀ ni sulfanilamide. Àwọ̀ pupa tí gbogbo ayé ń wò, tí wọ́n ń rò pé òun ni agbára oògùn, kò ṣe nǹkan kan.

Ẹ̀kọ́ kìíní rèé: àwọ̀ oògùn kọ́ ni oògùn. A ṣì ń rí àwọn tó máa ń sọ títí dòní pé oògùn tó bá pọ́n jù ló le jù. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Sulfanilamide yìí, onímọ̀ kan ní Vienna, Paul Gelmo, ti ṣe é látọdún 1908. Torí náà, kò sẹ́ni tó lè sọ lọ́dún 1935 pé tòun nìkan ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ilé iṣẹ́ lè ṣe é, owó rẹ̀ ò sì wọ́n. Gbogbo ilé iṣẹ́ oògùn kàn ń rọ́ wọ ọ̀rọ̀ náà bí ìgbà tí àgbẹ̀ gbọ́ pé owó gàárì ti gòkè. Wọ́n ṣe é ní lẹ́búlẹ́bú, wọ́n ṣe é ní hóró, wọ́n ṣe é ní kápúsù. Ó sì ń wo èèyàn lóòótọ́.

ỌDÚN 1937: GBOGBO ÈÈYÀN Ń BÉÈRÈ OLÓMI

Ilé iṣẹ́ S. E. Massengill wà ní ìlú Bristol, ní ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù June 1937, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá wọn tajà wá jábọ̀ pé àwọn èèyàn apá gúúsù ń béèrè sulfanilamide olómi. Ẹ ẹ̀ rí i pé ọ̀rọ̀ ọjà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọmọdé ò lè gbé hóró mì, olómi dídùn ni wọ́n ń fẹ́.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé sulfanilamide kì í fẹ́ yọ́ nínú omi. Olórí onímọ̀ kẹ́míkà ilé iṣẹ́ náà, Harold Watkins, dán oríṣiríṣi nǹkan wò títí ó fi rí ọ̀kan tó yọ́ ọ. Orúkọ nǹkan náà ni diethylene glycol. Ó mọ́ gaara, ó ki díẹ̀, ó sì dùn lẹ́nu. Ó wá fi adùn èso rásíbẹ́rì sí i, ó pọ́n dáadáa, ó ń ta sánsán. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìgò náà, nǹkan bíi ìdá 10 nínú 100 ni oògùn. Alábàárù ló lé ní ìdá 70. Wọ́n sọ oògùn náà ní Elixir Sulfanilamide.

Ilé iṣẹ́ náà yẹ adùn rẹ̀ wò. Wọ́n yẹ àwọ̀ rẹ̀ wò. Wọ́n yẹ òórùn rẹ̀ wò. Wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó lè pa èèyàn. Kò sí òfin tó ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nígbà yẹn. Wọn ò tiẹ̀ fún ehoro kan mu. Ní oṣù September, wọ́n ti fi ẹrù 633 ránṣẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè náà.

Diethylene glycol yìí, nǹkan ilé iṣẹ́ ni. Irú kẹ́míkà tí wọ́n ń lò nínú omi rédíétọ̀ ọkọ̀ àti omi bíréèkì ni. Tó bá wọnú ara, kíndìnrín ló máa ń kọlù. Ẹni tó mu ún á kọ́kọ́ máa bì, inú á máa run ún, lẹ́yìn náà ìtọ̀ á dá. Kò ní lè tọ̀ mọ́. Ara á wú, gìrì á mú un, oorun àìmọ̀ á gbé e lọ. Ọjọ́ 7 sí 21 ni ìyà náà máa ń gbà. Ohun tó dunni jù níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọ̀nà ọ̀fun ló kàn ń dùn wọ́n. Òbí fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu oògùn dídùn sínú ṣíbí, ọmọ lá a, ọmọ tún ń béèrè sí i.

Ní oṣù October, àwọn dókítà ní ìlú Tulsa, ní Oklahoma, bẹ̀rẹ̀ sí í rí òkú. Wọ́n kọ̀wé sí ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ náà yẹ oògùn ọ̀hún wò ní yàrá àyẹ̀wò wọn, wọ́n sì bá diethylene glycol nínú rẹ̀. Ní 14 October, ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ FDA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, irú NAFDAC tiwa.

FDA kó gbogbo òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò tó ní síta, wọ́n jẹ́ 239. Wọ́n ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ń wọ ṣọ́ọ̀bù oògùn, wọ́n ń tú ìwé àwọn dókítà, wọ́n ń lọ bá àwọn aláìsàn nílé. Rédíò àti ìwé ìròyìn ń kéde. Gálọ́ọ̀nù 240 ni ilé iṣẹ́ náà pò. Wọ́n rí gálọ́ọ̀nù 234 àti díẹ̀ gbà padà. Èyí tí àwọn èèyàn ti mu ò tó gálọ́ọ̀nù 6. Ẹ jẹ́ ká fi ohun tí gbogbo wa mọ̀ wọ̀n ọ́n: kò kún kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan. Èèyàn 105 ló kú nínú rẹ̀, ọmọdé sì ni 34 nínú wọn.

Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Chicago ya àwọn ohun inú oògùn náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò lára eku, ehoro àti ajá. Ẹjọ́ já síbi kan. Sulfanilamide kọ́. Alábàárù ni. Ọ̀dọ́mọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ yẹn, orúkọ rẹ̀ ni Frances Kelsey. Òun kan náà ló wá di òṣìṣẹ́ FDA lọ́dún 1960, tó kọ̀ láti fọwọ́ sí thalidomide, oògùn tó sọ ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun di aláàbọ̀ ara nílẹ̀ Yúróòpù. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá.

ORÚKỌ ORÍ ÌGÒ NÌKAN NI ÒFIN RÍ MÚ

Ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ẹ̀fẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀fẹ̀ ìbànújẹ́ ni. Òfin tó wà nílẹ̀ láti 1906 ò sọ pé kí ilé iṣẹ́ fi hàn pé oògùn ò léwu kó tó tà á. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ìjọba lè fi kó oògùn náà nílẹ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà, elixir, túmọ̀ sí pé ọtí wà nínú oògùn. Ọtí ò sì sí nínú èyí. Torí náà, ẹ̀sùn orúkọ àìtọ́ ni wọ́n fi kàn wọ́n. Ká ní wọ́n kọ ọ́ sára ìgò pé oògùn olómi lásán ni, ìjọba ò bá má lágbára kankan láti kó o. Ilé iṣẹ́ náà san owó ìtanràn nǹkan bíi 26,000 dọ́là. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ọ̀hún ní àwọn ò jẹ̀bi. Watkins tó po oògùn náà pa ara rẹ̀.

Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ní 25 June 1938, Ààrẹ Roosevelt fọwọ́ sí òfin tuntun. Láti ìgbà náà lọ, ilé iṣẹ́ oògùn ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé oògùn tuntun ò léwu kó tó gbé e dé ọjà, alábàárù àti ẹrù rẹ̀ pa pọ̀.

ALÁBÀÁRÙ RERE: ÒRÓRÓ Ẹ̀PÀ ÀTI ÌDA OYIN

Ẹ má wá rò pé olè ni gbogbo alábàárù o. Bí kì í bá ṣe alábàárù, pẹnisílíìnì ò bá má fi bẹ́ẹ̀ wúlò tó báyìí.

Ìṣòro pẹnisílíìnì nígbà tó kọ́kọ́ dé ni pé kì í pẹ́ lára. Tí wọ́n bá gún un tán báyìí, láàárín wákàtí mélòó kan ó ti bá ìtọ̀ jáde. Ní 1941, nígbà tí wọ́n ń wo ọlọ́pàá kan ní Oxford, pẹnisílíìnì wọ́n débi pé wọ́n ń gba ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n ń yọ oògùn jáde nínú rẹ̀ láti tún un fún un. Ara rẹ̀ ti ń yá, àfi bí oògùn ṣe tán. Ọkùnrin náà kú. Lẹ́yìn ìyẹn, tí oògùn ti pọ̀ díẹ̀, wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń gún aláìsàn, tọ̀sán-tòru.

Ní 1944, dókítà ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan, Monroe Romansky, po pẹnisílíìnì mọ́ òróró ẹ̀pà àti ìda oyin. Bẹ́ẹ̀ ni o, òróró ẹ̀pà tí à ń fi dín àkàrà, àti ìda tó ń kù lẹ́yìn tí a bá fún oyin tán. Òróró àti ìda náà di oògùn mú nínú ẹran ara, wọ́n ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Abẹ́rẹ́ mẹ́jọ lójúmọ́ di ẹyọ kan. Pẹnisílíìnì ò yí padà, alábàárù ló yí padà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ọ̀nà tó sàn jù ú lọ: wọ́n so pẹnisílíìnì mọ́ procaine, kó má baà tètè yọ́ tán. Òun ló wà nínú pen-strep tí ẹ fi ń gún màlúù àti ewúrẹ́ yín lónìí. Ìdí nìyẹn tó fi funfun bíi wàrà, tó sì máa ń sìlẹ̀ sí ìdí ìgò. Oògùn gan-an ló sìlẹ̀ yẹn. Ẹni tí kò bá gbọ̀n ọ́n kó tó fà á, omi ló ń gún ẹran àkọ́kọ́, ẹran tó kẹ́yìn ló máa gba oògùn gbogbo wọn.

ALÁBÀÁRÙ TÓ DI Ẹ̀RÙ MỌ́RA: Ọ̀RỌ̀ DCP

Ìkẹta yìí ló kan ẹ̀yin ọlọ́sìn adìẹ jù. Inú kòkòrò kékeré tó ń gbé nínú ilẹ̀ ni wọ́n ti rí tẹtiresáíkílì. Chlortetracycline ló kọ́kọ́ dé, ní 1948. Oxytetracycline tí gbogbo wa ń pè ní oxytet tẹ̀ lé e ní 1950.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ tẹtiresáíkílì sínú kápúsù, oògùn náà ò kún kápúsù. Wọ́n ní láti fi nǹkan kún un. Dicalcium phosphate ni àwọn kan fi kún un. Ẹ̀yin tó ń po oúnjẹ adìẹ mọ̀ ọ́n, òun ni DCP tí ẹ ń rà ní ọjà oúnjẹ ẹran. Kò léwu, kò ní májèlé, gbogbo èèyàn rò pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún 1950 sí 1959, àwọn dókítà rí i pé oògùn tó ń dé inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kéré sí iye tó wà nínú kápúsù. Kalísíọ́ọ̀mù inú DCP ló ń di tẹtiresáíkílì mú nínú ikùn, kò jẹ́ kó wọ ẹ̀jẹ̀. Alábàárù yìí ò pa ẹnikẹ́ni, ó kàn dúró sí ìdíkọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí. Wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n fi nǹkan míì rọ́pò rẹ̀.

Ẹ wá wo oúnjẹ adìẹ ayẹyin. Kí ló kún inú rẹ̀? Eegun lílọ̀, ìkarawun, òkúta ẹfun, DCP. Kalísíọ́ọ̀mù ni gbogbo wọn, kí ẹyin lè ní èèpo tó le. Bí ẹ bá wá po oxytet mọ́ irú oúnjẹ yẹn, apá kan nínú owó yín á bá ìgbẹ́ adìẹ jáde. Ẹ ó ní oògùn náà ò ṣiṣẹ́, ẹ ó lọ ra èyí tó le jù ú lọ, kòkòrò àrùn á sì máa kọ́ bí á ṣe ń fara da oògùn. Inú omi ló dáa kí ẹ fi í sí bí lébẹ̀lì bá fàyè gbà á, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹran bóyá ká dín kalísíọ́ọ̀mù oúnjẹ kù fún ọjọ́ tí wọ́n ń lò ó.

ÓTI ṢẸLẸ̀ NÍLÉ NÍBÍ NÁÀ

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ìtàn 1937 ti di ti àtijọ́, kó fetí sílẹ̀. Ní 1990, àwọn ọmọdé kú ní Ìbàdàn àti ní Jos lẹ́yìn tí wọ́n mu parasitámọ́ọ̀lù olómi. Diethylene glycol kan náà ni. Ìtọ̀ wọn dá, kíndìnrín wọn kọṣẹ́. Irú ikú báyìí wà lára ohun tó mú ìjọba dá NAFDAC sílẹ̀ pẹ̀lú òfin àṣẹ kẹẹ̀ẹ́dógún ọdún 1993.

Ní ìparí 2008, ó tún ṣẹlẹ̀. Oògùn eyín ọmọdé tí wọ́n ń pè ní My Pikin ni lọ́tẹ̀ yìí. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní Èkó yẹ kó lo propylene glycol, alábàárù kan tí kò léwu bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́míkà tí wọ́n rà lọ́wọ́ olùtà tí kò ní ìwé àṣẹ, diethylene glycol ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ 84 ló kú gẹ́gẹ́ bí ìjọba ṣe kà á. Ní 2022, ó dé Gambia, ọmọ tó kú níbẹ̀ tó nǹkan bí 70.

Ẹ wò ó, parasitámọ́ọ̀lù ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tó sábà ń fà á rèé: kẹ́míkà méjèèjì jọra lójú, wọ́n jọra lẹ́nu, èyí tó ń pani sì pọ̀ọ́kú ju èyí tó dáa lọ. Ẹnì kan láàárín ọ̀nà á yí kẹ́ẹ̀gì padà, á fi náírà díẹ̀ sápò. Ẹ̀yin oníṣòwò, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ yìí ń bọ̀. Oníṣòwò tó ń tú nǹkan láti inú ike kan sí òmíràn láìkọ orúkọ sí i kò mọ ibi tí yóò dé.

KÍ LẸ Ó MÁA WÒ?

1. Ẹ máa wo iye èròjà tó ń ṣiṣẹ́, ẹ má wo títóbi ike. Oxytet 5% tó jẹ́ gíráàmù 100, gíráàmù 5 péré ni oògùn inú rẹ̀. 20% tó jẹ́ gíráàmù 100, gíráàmù 20 ni. Ká sọ pé ₦1,000 ni ti àkọ́kọ́, ₦3,000 sì ni ìkejì. Èyí tó dà bíi pé ó wọ́n ló pọ̀ọ́kú: ₦150 ni gíráàmù oògùn kan nínú rẹ̀, nígbà tó jẹ́ ₦200 nínú ti àkọ́kọ́. Ìdáhùn ìbéèrè yín nìyẹn.

2. Bákan náà ni abẹ́rẹ́. 10% túmọ̀ sí miligíráàmù 100 nínú mílílítà kan, 20% sì jẹ́ 200. Bí ẹ bá fi ìwọ̀n ọ̀kan gún èkejì, yálà ẹ ó fún ẹran ní ìlọ́po méjì, tàbí ẹ ó fún un ní ààbọ̀.

3. Tí ẹ bá rí LA lára ìgò, alábàárù tó ń pẹ́ lára ló wà níbẹ̀. Ó dáa fún ẹran tó wà lóko tí a ò lè mú lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n oògùn náà á pẹ́ nínú ẹran àti wàrà. Ẹ ka iye ọjọ́ tí lébẹ̀lì ní kí ẹ dúró kí ẹ tó pa á tàbí tà á, kí ẹ sì dúró. Ọmọ ẹlòmíì ló máa jẹ ẹran yẹn. Ẹ má sì rọ gbogbo abẹ́rẹ́ sí ojú kan, ẹ pín in.

4. Èyí tí wọ́n ní kí ẹ fi sómi, omi ni kí ẹ fi í sí. Èyí tó wà fún oúnjẹ, oúnjẹ ni. Ẹ má yọ́ páúdà omi adìẹ kí ẹ wá gún un sára ewúrẹ́. Alábàárù rẹ̀ ò ṣeé gún. Ẹ má sì fi omi kànga la abẹ́rẹ́.

5. Ẹ yé tú kápúsù tẹtiresáíkílì èèyàn sínú omi adìẹ. Kì í ṣe iye tó yẹ adìẹ ni wọ́n wọ̀n sínú rẹ̀, ẹ ò sì mọ ọjọ́ tí ẹyin á mọ́ kúrò nínú rẹ̀.

6. Ẹ wo nọ́mbà NAFDAC, ọjọ́ tó máa bàjẹ́, àti ìdérí bóyá wọ́n ti ṣí i rí. Ẹ má ra oògùn tí wọ́n bù sínú ọ̀rá láìsí orúkọ, kódà bí ẹni tó ń tà á bá jẹ́ ẹbí yín.

7. Bí ọmọ ilé yín bá mu oògùn olómi, tó wá ń bì, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì dín kù tàbí dá, ẹ má ṣe dúró ṣe àgbo. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ìgò oògùn náà dání.

Àwọn tó kú ní 1937 ò ra ayédèrú. Oògùn gidi wà nínú ìgò wọn, iye tí wọ́n kọ ló wà níbẹ̀. Ohun tí kò sẹ́ni tó béèrè ni èwo ni wọ́n fi gbé e. Nígbà míì tí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ tó sanwó, ẹ yí ike náà ká, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Bí lẹ́tà rẹ̀ bá kéré jù, ẹ fi fóònù yà á, kí ẹ fẹ̀ ẹ́ wò, tàbí kí ẹ ní kí ọmọ kà á fún yín.

Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́sìn àti sí ẹni tó ń ta oògùn fún yín. Bí ẹ bá ní oògùn kan tí lébẹ̀lì rẹ̀ ò yé yín, ẹ ya àwòrán rẹ̀ sí abẹ́ ibí, a ó jọ kà á. Ẹran ò ní kú mọ́ wa lọ́wọ́ o. Àwọn ọmọ náà ò ní kú.